Òkété Masífà àti òfin àwọn tó ń dọdẹ rẹ̀

Bàbá tó bí bàbá mi kì í yìnbọn pa òkété. Ó ní ẹni tí kò mọ ilé ẹran ló ń fi ọta wá a. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán lóko Masífà, lágbègbè Èjìgbò, àwa ọmọdé a tẹ̀ lé e lọ sídìí ọ̀pẹ. Ilẹ̀ tútù tí òkété ṣẹ̀ṣẹ̀ hú síta ló máa ń wò, pẹ̀lú èésan èkùrọ́ tó fọ́nká. Òkété kì í gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bàbá á fi méjì sílẹ̀, á dí ìyókù: a ó fẹ́ èéfín ihá àti ata gbígbẹ gba ọ̀kan wọlé, àwọ̀n á máa dúró dè é lẹ́nu èkejì.

Bí a bá gbẹ́ ihò náà dé ìsàlẹ̀, yàrá ni a ń bá níbẹ̀: ibi tó tẹ́ ewé sí tó ń sùn, ibi tó ń kó oúnjẹ sí, ibi tó ń yàgbẹ́ sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní àpò nínú. Mo ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ rí, tí èkùrọ́ ń bọ́ sínú igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, itọ́ sì ń yọ̀ lára wọn. Bí ara ẹran bá ti ń tutù, kòkòrò pupa pẹlẹbẹ kan a sá jáde nínú irun rẹ̀, kò lójú, kò níyẹ̀ẹ́. Àwọn ìyá wa kórìíra rẹ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀, ìpépé ara òkété ló ń jẹ.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn ju ẹran náà lọ. Abo tí ọmú rẹ̀ bá ti wú, Bàbá á tú u sílẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni oyún òkété, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pa ìyá ti pa gbogbo ihò.

Àwọn tó yẹ kó kọ́ iṣẹ́ yìí ti gba Àbíjàn lọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò. Àwọn tó kù ń tanná sí òkété lójú lóru, wọ́n ń dẹ tàkúté onírin, àwọn mìíràn sì ń sun odindi igbó.

Ó dùn mí, nítorí òkété kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ajayi ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń sìn ín nínú àgò, òkété sì ń bímọ níbẹ̀. Ìbátan òkété kan láti Tanzania, Magawa, fi imú wá bọ́ǹbù 71 tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Cambodia. Àjọ PDSA ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2020.

Ẹ̀yin ọdẹ Masífà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tú abiyamọ sílẹ̀, ẹ má sì sun igbó nítorí òkété kan. Ẹni tó bá láàyè lẹ́yìnkùlé, kó kan àgò onírin fún akọ kan àti abo kan. Onípákó kò dára, yóò gé e jẹ.