Ọbọ́túndé Ìjímèrè àti Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òṣogbo

Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Heinemann ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kan jáde nínú ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà. Eré mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó ṣíwájú dá lórí ẹ̀wọ̀n tí Ọbàtálá ṣe ní ìlú Ṣàngó. Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni Ọbọ́túndé Ìjímèrè. Ulli Beier, wọ́n ní, ni ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà rìn jìnnà. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á, wọ́n kọ̀wé lé e lórí, wọ́n sì ka Ìjímèrè kún àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Beier fúnra rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ti tú àṣírí ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá pè é jẹ́jẹ́ yóò rẹ́rìn-ín: ọbọ tún dé! Ìjímèrè náà, ìbátan ọbọ ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó lè kà á lójú méjèèjì kí ó má fura.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀ràn náà wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbà. Lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́. Ìjálá àti ẹsẹ Ifá kò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní lítíréṣọ̀. Beier, Júù tí wọ́n bí ní Jámánì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1950 láti kọ́ni ní ìró èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà sú u kíákíá. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tí ń lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wọn, ó sì ti ibẹ̀ dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ní ọdún 1962, òun àti Dúró Ládiípọ̀ ṣí ẹgbẹ́ Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Àwọn ará ìlú ni ó yí i sí ohun tí etí wọn gbà: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé kankan kí wọ́n tó ṣe é.

Àwọn kan lè wí pé kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ Ìjímèrè. Yorùbá mọ egúngún: ènìyàn ń bẹ nínú ẹ̀kú, àgbà mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ń ṣí i wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí egúngún ti ń jó, òǹwòran mọ̀ pé ẹ̀kú ni òun ń wò. Ẹni tí ó ra ìwé Ìjímèrè ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀. Ó rò pé ohùn ọmọ onílùú ni òun ń gbọ́, àṣé ohùn àlejò ni. Àlejò náà fẹ́ràn ìlú, iṣẹ́ tí ó sì ṣe fún Òṣogbo kò ṣe é fọwọ́ rọ́ tì. Síbẹ̀ ẹni tí ń ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ti Ládiípọ̀ gan-an tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1964, Mbari ní Ìbàdàn tẹ eré rẹ̀ mẹ́ta jáde ní Gẹ̀ẹ́sì tí Beier ṣe: Ọba Kò So, Ọba Mọ́rọ̀ àti Ọba Wàjà. Ìtàn Elésin Ọ̀yọ́ ni Ọba Wàjà, ẹni tí aláṣẹ òyìnbó dá dúró kí ó má bàa bá Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù kú. Ìtàn yìí kan náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman ní ọdún 1975, ó sì dárúkọ eré Ládiípọ̀ tìyìntìyìn níwájú ìwé rẹ̀. Ọdún 1946 ni ó kọ síbẹ̀; àwọn olùwádìí ti fi hàn lẹ́yìn náà pé ìparí 1944 ni Aláàfin wàjà, àti pé oṣù kìíní 1945 ni ọ̀ràn Elésin ṣẹlẹ̀. Nínú eré Ṣóyínká, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Elésin ti dé, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nínú ti Ládiípọ̀, Gánà ni ó ti ń ṣòwò. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ilé mélòó ni ó wà ní Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà tí kò ní ẹni tí ó lọ Gánà, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969? Ládiípọ̀ ń bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀ ara wọn.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907 àti ọgọ́rùn-ún, èyíinì 2007, Òkè-Baálẹ̀ sì ni olú-ọgbà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkirè ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọmọnìyàn àti àṣà. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti yí padà: ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ àti àkànlò Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé, dáńfó wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ Yorùbá ní Òṣogbo ní ohun tí àwọn tí ó kọ̀wé lórí Ìjímèrè láti òkèèrè kò ní.

Àkókò ni kò dúró. Ládiípọ̀ kú ní ọdún 1978, Beier ní 2011. Àwọn tí ó lùlù, tí ó sì jó nínú Ọba Wàjà ti darúgbó, púpọ̀ sì ti lọ. Ohun tí ìlù ń wí bí Elésin ti ń jó kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀; etí àwọn tí ó kù ni ó wà.