Ìjánu fún Eré: Ìtàn Ẹ̀yà Òkú Ọkọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì lásán, ṣùgbọ́n ìtàn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kan wà tí ń mú eré ọkọ̀ dúró lójú kan láìjẹ́ pé awakọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Cruise control ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní kúrúùsì. Bí ènìyàn bá tú ẹ̀rọ yìí lára òkú ọkọ̀, tí ó fi í sára ọkọ̀ àgbà tí kò bá a ti ilé-iṣẹ́ wá, ṣé ọgbọ́n ni tàbí ewu? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa.

Omi ni ọ̀nà àkọ́kọ́ ní ìhà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹrù láti ibẹ̀, àti láti ọjà Ejìnrìn, lọ sí Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó padà tẹ̀dó sí, òwò ọ̀sà sì ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò, kí àwọn ọmọ ogun Gómìnà Glover tó lé wọn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní ọ̀nà ni ó ní ọjà.

Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi, kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń rà. Férémù àti ẹ́ńjìnnì, bíi ti Bedford àti Austin, ni ó ń ti òkè òkun bọ̀. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ilé lé e lórí. Báyìí ni bọ́lẹ̀kájà ṣe dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mólúè, tí àwọn wẹ́dà fi irin kọ́ sórí férémù ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí a fi yangàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: ẹni tí ó ṣe ìjánu ọkọ̀ náà ní òkè òkun ti ṣírò ìwọ̀n ẹrù tí ìjánu náà lè dá dúró, ẹni tí ó kan àga sínú rẹ̀ ní Èkó ni ó pinnu iye ènìyàn tí yóò wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì kò rí ara wọn rí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní òsì wá ń sọ èrò kalẹ̀ sí àárín títì. A ní láti dí ilẹ̀kùn kan, kí a sì ṣí òmíràn. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá ti Ìlú Ọba wá, àwọn mẹ́káníìkì a máa gbé sítẹ́rìǹ rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sítẹ́rìǹ nìkan. Ẹsẹ̀ ìjánu gbọ́dọ̀ bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹni tí ó gbé ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, pańpẹ́ ni ó dẹ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà.

Ní 1975, Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Owó epo wà nígbà náà. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí olùkọ́ ń wò lókèèrè. Ìgbà náà ni tòkunbọ̀ gba ìgboro: orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó padà wálé ni a fún ọkọ̀ àlòkù. Ẹ̀yà ara àlòkù tí ó ti òkè òkun wá, a sọ ọ́ ní Bẹ́ljíọ̀m, ọjà Ládípọ̀ ní Mushin sì di ibi tí a ti ń wá a. Àjákù tí kò rí ẹni rà á mọ́ a máa dé ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní Odògúnyàn, ní Ìkòròdú. Láàárín ọjà àti iná yẹn ni mẹ́káníìkì ti ń ṣa ohun tí ó ṣì lè wúlò. Níbẹ̀ ni a ti ń bá kúrúùsì pàdé lára òkú ọkọ̀ Amẹ́ríkà.

Ta ni ó dá a? Èrò pé kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ eré ara rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1788, James Watt fi irin roboto méjì tí ń yí sára ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́. Bí eré bá pọ̀, irin wọ̀nyí a ṣí sókè, wọn a sì dín oru náà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a mọ̀ lónìí ni Ralph Teetor, ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré. Afọ́jú tí kò lè wa ọkọ̀ ni ó gbọ́ ọ lára pé ẹni tí ń wa òun ń sáré, ó tún ń rọra, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gba ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950, ilé-iṣẹ́ Chrysler sì fi í sára ọkọ̀ Imperial ti ọdún 1958.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ohun márùn-ún ni. Èkíní ń ka iye eré tí ọkọ̀ ń sá. Èkejì ni bọ́tìnì tí awakọ̀ fi ń sọ ohun tí ó fẹ́. Ẹ̀kẹta ni àpótí kékeré tí ń fi èkíní wé èkejì. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ tí ń fa wáyà tí awakọ̀ ìbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, èémí tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ni ó ń fún ọwọ́ yìí lágbára, nítorí náà kò lè bá ẹ́ńjìnnì dísù lọ bí kò bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni suwíìṣì tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìjánu: bí awakọ̀ bá ti tẹ ìjánu, kúrúùsì gbọ́dọ̀ tú lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí ìyẹn náà lè tú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì yóò máa ké tantan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀karùn-ún yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó ń dùn mọ́ oníbàárà, nítorí àwọn ni ó ń mú ọkọ̀ lọ. Ẹ̀karùn-ún kò ní ẹwà kankan, òun ni ó sì rọrùn jù láti gbàgbé sára òkú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, suwíìṣì kan náà ni ó ń tan iná pupa ẹ̀yìn nígbà tí a bá tẹ ìjánu. Ẹ wo iye ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tàn ní ojú títì. Ọkọ̀ tí kò lè sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé òun fẹ́ dúró, kò tíì tó ọkọ̀ tí a ń fi kúrúùsì sí.

Ìjọba náà ti wá ìjánu fún eré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1988. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọkọ̀ èrò láti fi ẹ̀rọ adíwọ̀n-eré sára ọkọ̀ wọn. Lẹ́ẹ̀kan sí i, òfin tuntun bá ọkọ̀ àgbà, iṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń fi ẹ̀yà kún ọkọ̀. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀: adíwọ̀n-eré ń sọ pé, "Má ṣe kọjá ibí", kúrúùsì ń sọ pé, "Má ṣe kúrò níbí."

Àwọn kan yóò ní ọrọ̀ afẹ́ ni, pé kí ni kúrúùsì ń wá ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Òfin fi eré sí kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan nínú ìlú. Níbi tí ọjà ti kan títì, tí kòtò wà, tí òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ eré. Kúrúùsì wà fún ọ̀nà tí ó gùn tí ó sì tẹ́jú. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀yà òkú ọkọ̀ kò dára rárá. Èyí ni ìtàn wa kò gbà. Ohun tí ìtàn bọ́lẹ̀kájà, ti 1972 àti ti kúrúùsì ń kọ́ wa ni pé àlòkù kọ́ ni ó ń pani. Ẹ̀yà tí a yà kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀ ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìkòròdú ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó di yunifásítì ní 2022. Odómọlà ní Ẹ̀pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Bí olùkọ́ kan bá ra òkú ọkọ̀ kan, tí ó ní kí àwọn ọmọ tú kúrúùsì rẹ̀ láti bọ́tìnì dé abẹ́ ẹsẹ̀ ìjánu, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn án bí yóò ṣe tú kí wọ́n tó fi hàn án bí yóò ṣe dì, ó ti kọ́ wọn ní ohun tí káfíńtà bọ́lẹ̀kájà kò rí ẹni kọ́ ọ.