Ta Ló Kọ́ Òkìtì Etowah?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ìlú ni ahoro. Ilẹ̀ tó bá ní i ti pẹ́ láyé. Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣe aláìní tiwa. Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó, Ẹrẹdò Ṣùngbọ́ yí apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa tò sílẹ̀ bí ẹní sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Buford àti agbègbè Atlanta ló rò pé ilẹ̀ tuntun ni Amẹ́ríkà, pé kò sí ohun tó gbó níbẹ̀ ju ojú irin àti ilé onípákó lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní Cartersville, ìlú kan tí ọkọ̀ ń dé láti Buford láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀, ni àwọn òkìtì Etowah wà, létí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Òkìtì mẹ́fà ni. Èyí tó ga jù nínú wọn ga tó 63 ẹsẹ̀ bàtà, ìdí rẹ̀ sì gba nǹkan bí éékà 3. Láti nǹkan bí ọdún 1000 títí di nǹkan bí ọdún 1550 ni àwọn ènìyàn fi gbé ìlú náà. Wọn kò ní ẹṣin, wọn kò ní màlúù, wọn kò sì ní kẹ̀kẹ́ ẹrù. Agbọ̀n ni wọ́n fi ru gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti ṣírò owó iṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ẹni tó ń pín iṣẹ́, tó ń ka òṣìṣẹ́, tó sì ń wá oúnjẹ tí wọn yóò jẹ. Ìlú tó ní olórí àti ètò ni.

Nígbà tí a fẹ́ lọ wò ó, a so kẹ̀kẹ́ tiwa àti ti àwọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a gbé ọkọ̀ sí ìgboro Cartersville, a sì fi kẹ̀kẹ́ rin ìyókù ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ dára fún irú ìrìn yìí. Ọkọ̀ a máa sáré kọjá ohun tí a wá wò, ìrìn ẹsẹ̀ a sì tètè rẹ ọmọdé. Orúnkún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti tẹ́jú fún un. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ti rí i fúnra wọn pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò ni a wà, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó yẹ àgbàdo. A fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, a gun àtẹ̀gùn dé orí òkìtì ńlá. Láti òkè ni a ti rí gbàgede tí àwọn ará ìlú ti ń pàdé, àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ láti fi dáàbò bo ìlú. Nínú odò, wọ́n to òkúta láti da ẹja sójú kan, iṣẹ́ tí ìgèrè ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Orí òkìtì yẹn ni ọmọ wa obìnrin ti béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

Ìbéèrè yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú òkìtì báyìí káàkiri Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ló kọ́ wọn. Àwọn kan ní àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì tó sọnù ni. Àwọn mìíràn ní ará Fòníṣíà tàbí ará Íjíbítì ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ọdún 1830, ọdún tí Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò, ó sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ẹ̀yà alágbára kan tó ti parẹ́ ló ni àwọn òkìtì náà, pé àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà ló gba ipò wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọn yìí ti bá ilẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1838, àwọn sójà kó àwọn Cherokee kúrò ní Georgia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì kú lójú ọ̀nà. Orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Cherokee àti àwọn Creek, tí wọ́n tún ń jẹ́ Muscogee, ni wọ́n ti dá Gwinnett sílẹ̀ ní ọdún 1818. Ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú wa kọ́lé sí ní Buford nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Cyrus Thomas ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òun pàápàá gba ìtàn ẹ̀yà tó sọnù gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ hú òkìtì káàkiri, títí kan ti Etowah, ní àwọn ọdún 1880. Nígbà tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1894, ó kéde pé baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ló kọ́ òkìtì wọ̀nyí.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí Olókun, ẹnu yà á, ó sì ní iṣẹ́ àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ tó wá láti Atlantis ni. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń walẹ̀ kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ mìíràn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ní Ifẹ̀ gan-an, láàárín nǹkan bí 1100 sí 1500, ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò sí ará Atlantis kankan níbẹ̀.

Ti Ẹrẹdò náà kò yàtọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi rẹ̀ sì tó 20 mítà níbòmíràn. Ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin ọlọ́lá kan, Bilikisu Ṣùngbọ́, tí sàárè rẹ̀ wà ní Òkè-Erí, ló mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ìròyìn ìwádìí Patrick Darling dé etí ayé ní ọdún 1999, Ọbabìnrin Ṣébà ni àwọn oníròyìn gbé sójú ìwé. Ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Ọjọ́ orí Ẹrẹdò kò tó ìdajì rẹ̀. Kí ló dé tí obìnrin Ìjẹ̀bú kan kò fi tó láti ṣe iṣẹ́ ńlá, àfi bí a bá lọ yá ayaba láti ilẹ̀ Arébíà?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀. Ahoro kò túmọ̀ sí pé àwọn tó ni ín ti parẹ́. Ní àwọn ọdún 1830 kan náà tí wọ́n ń lé àwọn Cherokee ni Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọjà. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kò di ahoro. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Muscogee, tí Etowah jẹ́ ilé baba wọn, ṣe wà ní Oklahoma lónìí, tí wọ́n ní ìjọba tiwọn ní Okmulgee, tí èdè wọn kò sì tíì kú.

Ẹni tó bá ní àyè, kó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Etowah nígbà tí oòrùn kò mú. Ẹni tó bá lè lọ jìnnà sí i, àwọn òkìtì Ocmulgee wà ní Macon, tí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé níbẹ̀ ti lé ní 1,000 ọdún. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ti baba ẹlòmíràn náà kò yẹ ní ọwọ́ òsì. Bí ọmọ yín bá béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹ má sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ dárúkọ wọn fún un, kí ẹ sì sọ ti Ifẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú mọ́ ọn.