Àwọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà àti Àwọ̀ Orí Ìwé: Ìtàn Ìjọra Nínú Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Agbègbè Ìkẹjà



Ìwé ètò ìsìnkú ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìyá mi papò dà, èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bójú tó ìwé náà. Mo jókòó sí ilé mi ní Ọmọ́lé, mo yan àwòrán kan tí ìyá mi ti wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Adúmáadán ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ń dán, aró aṣọ rẹ̀ sì jinlẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìhà Ọgbà. Ìgbà tí ìwé jáde, ojú ìyá mi dà bí ojú ẹni tí wọ́n fi eérú pa, àdìrẹ rẹ̀ sì ti di elése àlùkò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré láàrin wa. Robert Farris Thompson, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí lámèyítọ́ ọnà Yorùbá tí ó jáde ní 1973, ka jíjọra mọ́ àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn àgbà fi ń wọn ère: kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn ní àjọjù, kò sì gbọdọ̀ ṣàì jọ ọ́. Ní 1978, Stephen Sprague mú òṣùwọ̀n yìí kan náà wá sórí fọ́tò. Ó ṣàlàyé bí àwọn ìdílé kan ṣe ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì: bí ọ̀kan bá kú, ayàwòrán a tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fọ́tò tí a bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ó ṣe sọ pé àwọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan?

Ní àtètèkọ́ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kò sí. Tàdáwà dúdú kan ṣoṣo tó fún Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì kún Ọgbà àti Àgídìngbì, ni àwọ̀ di iṣẹ́ gidi. Longman wá sí òpópó Ọba Akran. Daily Times, tí a dá sílẹ̀ ní 1926, kó wá sí Àgídìngbì. Newswatch bẹ̀rẹ̀ ní Òrégùn ní 1985. Ṣùgbọ́n páálí àti ìwé ìdìǹkan ni ó kọ́ àwọn atẹ̀wé wa ní ìṣọ́ra jù, nítorí oníbàárà tí ó ra ọjà lánàá fẹ́ rí àwọ̀ àná lónìí. Ní ìgbà náà, bébà ni wọ́n fi ń wo bébà. Atẹ̀wé a mú àpẹẹrẹ dání, tàbí káàdì Pantone tí ó ti wà láti 1963, a fi wé èyí tí ó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

Kọ̀ǹpútà ni ó da èyí rú. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ìtẹ̀wé, ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń wé tàdáwà. Ojú kọ̀ǹpútà ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n di funfun. Tàdáwà cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ilẹ̀ ń ṣú sí i. Búlúù kan wà tí gíláàsì lè tàn tí tàdáwà mẹ́rin yìí kò lè dé láé; bí wọ́n bá sáré lé e, inú elése àlùkò ni wọ́n ń bọ́ sí. Ibẹ̀ ni àdìrẹ ìyá mi sọnù sí. Ní ti ojú rẹ̀, cyan ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀.

Èdè wa pẹ̀lú dá kún un. Mo sọ fún atẹ̀wé pé, "Ó dúdú jù." Ó gbọ́ pé kí òun dín tàdáwà dúdú kù. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni aró, nítorí aró tí ó gbó, dúdú ni àwa ń pè é. Funfun, dúdú, pupa: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó gbòòrò, tí ó sì tó fún òrìṣà àti aṣọ, ni a gbé lọ bá ẹ̀rọ tí ń ka nọ́ńbà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ lọ́wọ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Shirley ni ó wà lórí rẹ̀; bí ara rẹ̀ bá ti dára, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Lorna Roth kọ ọ́ ní 2009 pé ìráhùn àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àga onígi wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe kí ó lè gba àwọ̀ pákó. Àga sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́! Òṣùwọ̀n àwọ̀ tí àjọ CIE gbé kalẹ̀ ní 1931 pàápàá, ojú ènìyàn 17 péré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ilé iṣẹ́ mẹ́jọ, tí Adobe, Apple àti Kodak wà lára wọn, gbé lé nígbà tí wọ́n dá àjọ ICC sílẹ̀ ní 1993, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ní fáìlì tí yóò sọ irú àwọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ dúró fún.

Mo padà lọ sí Ọgbà. Atẹ̀wé náà bi mí bí ojú kọ̀ǹpútà mi ti mọ́lẹ̀ tó. Mo ní mo tàn án dé góńgó, nínú iyàrá tí iná ìjọba ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dín ìmọ́lẹ̀ ti tirẹ̀ kù, ó pe fáìlì ẹ̀rọ àti ti bébà náà jáde, ó sì fi hàn mí lórí gíláàsì bí aró yóò ti rí kí a tó tẹ ohunkóhun. Ó dín cyan kù ní ojú ìyá mi, ó fi magenta àti yẹ́lò díẹ̀ sí i, ó sì pààrọ̀ bébà tí ń fa tàdáwà mu sí èyí tí ń dán. Ó tẹ ẹyọ kan, a gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a wò ó lójú ọ̀sán.

Mo mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbà á, ó fi àtàǹpàkò pa ojú ìyá wa nínú àwòrán náà. "Màmá nìyí," ó ní. "Ṣùgbọ́n aró yẹn ṣì ku díẹ̀."