Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Àlàyé lórí Eré Pickleball

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtumọ̀ tí àwọn Yorùbá sábà máa ń fún òwe yìí ni pé ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà sì nílò ọmọdé, nítorí pé pẹpẹ ga ju ẹni tí kò tíì dàgbà lọ, ọrùn kèrègbè sì há ju ọwọ́ tí ó ti gbó lọ. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n òwe náà tún gbé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kalẹ̀. Ẹni tí ó kan pẹpẹ ni ó pinnu bí yóò ti ga tó, ẹni tí ó gé ẹnu kèrègbè ni ó sì pinnu bí yóò ti fẹ̀ tó. Ọmọdé àti àgbà kò lábùkù kankan, ohun èlò ni kò bá wọn mu. Ojú yìí ni ó yẹ kí á fi wo pickleball, eré ìdárayá kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ìyá rẹ̀ àgbà lè jọ gbá lórí pápá kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ṣàánú ẹnì kejì, nítorí pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ wọn àwọ̀n àti òfin rẹ̀ mọ́ ara ènìyàn.

Ní ìgbà ooru ọdún 1965, ní erékùṣù Bainbridge tí kò jìnnà sí ìlú Seattle ní ìpínlẹ̀ Washington, Joel Pritchard, aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tí ó padà wá di igbákejì gómìnà rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell wọlé dé, wọ́n sì bá àwọn ará ilé tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, tí ọjọ́ ti sú. Pápá badminton, èyíinì ni eré tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ kékeré kan ránṣẹ́ síra wọn lórí àwọ̀n gíga, wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò pé mọ́. Wọ́n mú pátákó tẹníìsì orí tábìlì, wọ́n wá bọ́ọ̀lù oníke tí ó níhò lára, eré sì bẹ̀rẹ̀. Gíga àwọ̀n náà jẹ́ 60 ínṣì ní àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ti badminton. Nígbà tí wọ́n rí i pé bọ́ọ̀lù náà ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ ọlọ́dà, wọ́n sọ àwọ̀n kalẹ̀ sí 36 ínṣì. Ọ̀rẹ́ wọn Barney McCallum dara pọ̀ mọ́ wọn láìpẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ to òfin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. A lè sọ pé ọjọ́ tí wọ́n sọ àwọ̀n náà kalẹ̀ ni wọ́n bí eré yìí ní tòótọ́, nítorí pé ọjọ́ náà ni pẹpẹ sún mọ́ ọwọ́ ọmọdé.

Pápá rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 44, ó sì fẹ̀ ní 20, débi pé mẹ́rin irú rẹ̀ lè wọ ààyè tí pápá tẹníìsì kan gbà. Bọ́ọ̀lù oníhò náà fúyẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa dín eré rẹ̀ kù, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́ ṣì lè bá a. Gbígbá tí ó ń ṣí eré a máa ti ìsàlẹ̀ wá. Kò rí bíi ti tẹníìsì, níbi tí alágbára ti lè na ọwọ́ sókè kí ó sì fi gbígbá ẹyọ kan parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìhà ẹni tí wọ́n gbá a sí, kí ó tún kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìhà ẹni tí ó ṣí i, kí ẹnikẹ́ni tó láǹfààní láti gbá a lófuurufú. Nínú ètò àtijọ́, ìhà tí ó ń ṣí eré nìkan ni ó lè gba àmì ayò, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba 11, tí ó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ, ni ó borí.

Òfin tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ilé ìdáná. Ilé ìdáná ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń pe ààyè ẹsẹ̀ bàtà méje tí ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan àwọ̀n; ènìyàn lè wọ ibẹ̀ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì kanlẹ̀, bí ó bá sì gbá a lófuurufú láti ẹ̀yìn ìlà, tí eré gbé e wọ ibẹ̀, ó ti rú òfin. Bí kò bá sí òfin yìí, ẹni gíga yóò kàn lọ dúró sẹ́nu àwọ̀n, yóò sì máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ níwájú ẹni kúkúrú bí ẹni ń kan ìṣó. Nítorí rẹ̀ ni àwọn tí ó mọ eré náà ṣe kọ́ gbígbá tí wọ́n ń pè ní dink, èyíinì ni bọ́ọ̀lù tí a rọra tì kọjá lórí àwọ̀n kí ó lè bọ́ sínú ilé ìdáná ẹnì kejì, níbi tí agbára kò ti ràn án lọ́wọ́. Sùúrù, ọgbọ́n àti ọwọ́ tí ó rọ̀ ni wọ́n fi ń borí níbẹ̀, ọjọ́ orí kì í sì tètè gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ènìyàn.

Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń gbá a, ààyè tí ó wà láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kí ara wọn kú iṣẹ́, láìpariwo. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìtura ìlú ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá dé yóò to pátákó rẹ̀ sórí ìlà. Bí ayò kan bá ti parí, èyí tí kì í pẹ́, mẹ́rin tí ó kàn yóò bọ́ sí pápá, wọn ì báà mọ ara wọn, wọn ì báà má mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi rí yóò dá irú àwùjọ yìí mọ̀: ọ̀ta tí ó mọ ayò í ta wà níbẹ̀, ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀, àwọn òǹwòran kò sì panu mọ́. Ohun tí ìlà pátákó fi yàtọ̀ ni pé ó lè fi ọ̀pẹ ṣe alábàáṣe ọ̀ta fún ayò odidi kan. Nígbà tí ó bá parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a pàdé lẹ́nu àwọ̀n, wọn a sì fi pátákó kan pátákó.

Ní ọdún 2023, Vivek Murthy, tí ó jẹ́ olórí oníṣègùn fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ fún ará ìlú pé àìní ẹni bá rìn lè ké ẹ̀mí ènìyàn kúrú tó bí sìgá 15 lójúmọ́ ti lè ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di dandan, kò yani lẹ́nu pé eré tí ó ń fún àjèjì ní alábàáṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ gbilẹ̀ bí iná ọyẹ́. Àjọ Sports & Fitness Industry Association ṣírò àwọn tí ó gbá a ní Amẹ́ríkà sí mílíọ̀nù 4.8 ní ọdún 2021, ó sì di mílíọ̀nù 19.8 ní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Washington ti sọ ọ́ di eré ìdárayá ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 2022.

Gbígbilẹ̀ yìí mú aáwọ̀ wá. Pátákó líle tí ó ń kan bọ́ọ̀lù oníke a máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tí ilé wọn sì wà létí pápá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Àwọn tí ó ń gbá tẹníìsì ń ráhùn pé wọ́n ń gba pápá mọ́ àwọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà náà ń ṣubú, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń fẹ̀yìn rìn lé bọ́ọ̀lù tí ó ga, èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ wọn kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn.

Ní ti orúkọ rẹ̀, Joan Pritchard, aya Joel, ni ó sọ ọ́. Láti inú ìdíje ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó ti mú un, níbi tí wọ́n ti ń pe ọkọ̀ tí wọ́n kó àwọn atukọ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ sínú rẹ̀ ní pickle boat, ó sì bá eré tí wọ́n fi àṣẹ́kù eré mìíràn dá sílẹ̀ mu rẹ́gí. McCallum ní tirẹ̀ sọ pé Pickles, ajá àwọn Pritchard, ni wọ́n fi orúkọ náà jọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí àjọ USA Pickleball fi hàn pé ọdún 1968 ni wọ́n bí ajá náà, ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ajá ni ó jẹ́ orúkọ eré.