Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Jaco Pastorius, Láti Orí Ìlù Dé Orí Gìtá Béèsì

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí ilẹ̀kùn kan tì mọ́ ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó má baà rò pé ayé òun ti bàjẹ́. Ìtùnú ni a sábà ń fi í ṣe: bí ti ibí ò bá gbà, ti ọ̀hún á gbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbà pé òwe náà jinlẹ̀ ju ìtùnú lọ. Ẹni tó rin ìdajì ọ̀nà kan kí ó tó yà sí òmíràn kì í sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ níbi tó ti yà. Ohun tó rù bọ̀ láti ọ̀nà àkọ́kọ́ ló máa pàtẹ nígbà tó bá dé ọjà, ìdí sì nìyẹn tí ọjà tirẹ̀ kì í fi í jọ ti ẹni tó gba ọ̀nà tààrà wá. Láàárín àwọn olórin ayé, n kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu bíi Jaco Pastorius, ọkùnrin tó yí ohun tí a mọ̀ sí gìtá béèsì padà pátápátá.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Norristown, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. John Francis ni wọ́n sọ ọ́. Jaco ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Onílù àti akọrin ni Jack bàbá rẹ̀, ó ń ṣeré kiri láti ilé fàájì kan sí òmíràn. Nílẹ̀ wa, Àyàn ni wọn ì bá fi ṣáájú orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá má sì dúró kí ó gbọ́n tán kí wọ́n tó fi kọ̀ǹgọ́ lé e lọ́wọ́. Kò sí àṣà yìí ní Norristown, síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí i. Ìlù ni ọmọ náà kọ́kọ́ fọkàn sí, torí ìlù ló bá nílé.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí Oakland Park, lẹ́bàá ìlú Fort Lauderdale ní Florida. Ọmọ Kátólíìkì ni, ó ń ran àlùfáà lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ, ó ń pín ìwé ìròyìn káàkiri àdúgbò, kò sì sí eré ìdárayá tí kì í bá wọn ṣe. Ibi tí wọ́n kó lọ yìí ṣe pàtàkì. Òkun tó wà láàárín Key West, ní ìpẹ̀kun Florida, àti erékùṣù Cuba kò ju nǹkan bíi 150 kìlómítà lọ. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, àwọn ará Cuba rọ́ wọ Miami lọ́pọ̀ yanturu pẹ̀lú orin wọn. Àwọn ará Jàmáíkà, Trinidad àti Bahamas náà ń wọlé. Orin soul àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ń dún lórí rédíò, jáàsì ń dún ní òtẹ́ẹ̀lì etíkun. Ọmọ tó bá dàgbà sí irú ibẹ̀ kò ní mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ pín orin sí yàrá yàrá.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń gbá ara wọn ṣubú, ló bá fi ọrùn ọwọ́ òsì ṣèṣe. Egungun náà kò jinná bó ṣe yẹ, ó di dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọwọ́ náà kò sì lágbára tí onílù nílò mọ́. Kò fi ìlù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń lù ú nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Las Olas Brass, ẹgbẹ́ onífèrè tí orin soul jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà rí onílù mìíràn tó mọ ìlù lù ju Jaco lọ. Ní déédéé ìgbà yẹn ni ẹni tó ń ta béèsì fún wọn kúrò. Jaco gbé béèsì.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé orí ló bá a ṣe é, pé jàǹbá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi ọwọ́ ṣèṣe lórí pápá, tí wọn ò sì di nǹkan kan nídìí orin. Ohun tó jẹ́ kí ti Jaco yàtọ̀ ni pé ó gbé béèsì bí onílù ṣe ń gbé ìlù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ohun èlò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Nínú orin soul, béèsì ló so ìlù mọ́ orin. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ijó bàjẹ́. Jaco jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ń fi etí kọ́ ohun tí Bernard Odum ń ta lẹ́yìn James Brown, ohun tí James Jamerson ń ta ní ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown ní Detroit, àti ohun tí Jerry Jemmott ń ta fún Aretha Franklin àti B.B. King. Kò sí olùkọ́ nídìí rẹ̀ nígbà yẹn. Ó gbé ohun tí ó gbọ́, ó wá fi ẹrù ìdí ìlù kún un. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún ń pààrọ̀ ara wọn lórí okùn, wọn ò sinmi, wọ́n ń gé ìlù kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó ṣèṣe yẹn gan-an, á wá dí àwọn kan nínú ìró wẹ́wẹ́ náà lẹ́nu, kí wọ́n má dún ní ohùn kankan, kí wọ́n kàn ta “tẹ́ẹ́” lásán láàárín àwọn tó ń dún. Ẹni tó kọ́ béèsì láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà ronú kan ìró tí kò ní ohùn. Onílù ló mọ̀ pé ìró bẹ́ẹ̀ ló ń mú ẹsẹ̀ yá.

Bí jáàsì ṣe ń wọ̀ ọ́ lára sí i, ó fẹ́ béèsì ńlá onígi tí a ń dúró ta, nítorí ohùn rẹ̀ máa ń ṣàn bí ohùn ènìyàn. Ó tu owó jọ, ó rà á. Ooru àti ọ̀rinrin Florida kò jẹ́ kí igi náà gbádùn. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó bá a pé ó ti sán. Ọ̀nà kejì dí nìyẹn. Ó padà sídìí béèsì oníná, Fender Jazz Bass ti ọdún 1962, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó fún òun ní ohùn èyí tó sán.

Lára ọrùn gìtá ni a máa ń rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú, tó ń sọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sí. Jaco máa ń sọ pé ọ̀bẹ ni òun fi hú wọn kúrò lára tirẹ̀. Ó di ojú ihò wọn, ó sì fi oje líle tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi bo pákó náà léraléra, kí okùn irin má baà jẹ ẹ́ lára. Oje yìí ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kí ó sì pẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyá ìlù dùndún rí yóò mọ ohun tí yíyọ irin náà mú wá. Onídùndún tó ń fún ọ̀ṣán lè wọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ gòkè, kí ó tún rọra rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ohùn àárín kì í ṣe èèwọ̀ fún un. Irin ara gìtá ló ń sọ ọ́ di èèwọ̀. Nígbà tí irin kúrò, béèsì Jaco bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ewu wà níbẹ̀ o: bí ìka bá fi ìbú irun kan ṣì í, ohùn ti ṣì nìyẹn, kò sì sí irin tó máa gbè é. Etí nìkan ni ó kù.

Lọ́dún 1972, ó wọ ẹgbẹ́ Wayne Cochran, akọrin soul aláwọ̀funfun kan tí irun orí rẹ̀ ga fíofío. C.C. Riders ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbé, láti ìlú dé ìlú nínú bọ́ọ̀sì. Níbẹ̀ ni Jaco ti kọ́ láti máa ka orin lójú ìwé, lọ́dọ̀ Charlie Brent tó ń darí orin ẹgbẹ́ náà, ó sì ń kọ ìwé orin fún àwọn onífèrè. Ó tún ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tó ń ná àwọn erékùṣù Karibíánì. Nígbà tó padà sílé, ó bá ẹgbẹ́ Peter Graves àti Ira Sullivan ṣeré ní Fort Lauderdale àti Miami, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní béèsì ní Yunifásítì Miami. Ibẹ̀ ni òun àti Pat Metheny, ọ̀dọ́ onígìtá, ti pàdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni wọ́n jọ gba ohùn Bright Size Life sílẹ̀.

Ọdún 1976 ni rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ gan-an jáde, tí Bobby Colomby ti ẹgbẹ́ Blood, Sweat & Tears bá a ṣe. Ó fi Donna Lee ṣí i, orin jáàsì tí a mọ̀ mọ́ fèrè saksófóònù, tó yára bí iná ọyẹ́. Kò sí dùùrù, kò sí fèrè: béèsì àti ìlù kóńgà Don Alias, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń pe béèsì ní ohun èlò ẹ̀yìn kò rí nǹkan sọ mọ́. Portrait of Tracy, tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè, tún gba ibòmíràn. Bí ìka bá kan okùn fẹ́ẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, ní ìdajì rẹ̀ tàbí ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀, ohùn á fò sókè, á sì mọ́ lóló. Àwọn onígìtá mọ̀ ọ́n bí ọ̀nà tí a fi ń to okùn. Jaco fi í kọ odidi orin.

Orin tó kàn mí jù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni Okonkolé y Trompa. Bàtá mẹ́ta ni àwọn ọmọ Lukumí ń lù ní Cuba: iyá, itótele àti okónkolo. Àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Yorùbá ló mú ìlù náà dé ibẹ̀. Okónkolo ló kéré jù, òun ló ń di ìlù mú nígbà tí iyá bá ń sọ̀rọ̀. Don Alias ló lu bàtá nínú orin yìí, Peter Gordon ló fọn fèrè idẹ French horn, òun ni ó sì gbé orin. Béèsì kò du ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohùn kan náà ni ó ń tẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wẹ́wẹ́, láìyẹsẹ̀. Iṣẹ́ omele gan-an ló gbà ṣe. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Donna Lee dẹ́rù ba gbogbo olórin ló fara balẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí sí ẹ̀rí ìmọ̀ ju eré kíkankíkan lọ.

Ayé rẹ̀ kò gùn. Àìsàn ọpọlọ tí wọ́n sọ fún un lọ́dún 1982 pé ó ní ti bá a jìjàkadì gidigidi kí wọ́n tó lù ú ní àlùbolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé fàájì kan ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, ó sì kú lọ́jọ́ 21 oṣù náà lẹ́ni ọdún 35. Ó dùn mí pé ìparí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ nípa rẹ̀. Ibòmíràn ni èmi fẹ́ parí ọ̀rọ̀ sí.

Ṣáájú kí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó jáde ló ti lọ bá Joe Zawinul ti ẹgbẹ́ Weather Report ní Miami, tó sọ fún un lójúkojú pé òun ni òun mọ béèsì ta jù lágbàáyé. Zawinul lé e. Nígbà tó gbọ́ ohùn tí ọ̀dọ́ náà gbà sílẹ̀, ó ranṣẹ́ pè é, Jaco sì wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1976. Lọ́dún kejì ni Heavy Weather jáde, orin kan tí Jaco kọ sì wà nínú rẹ̀, Teen Town. Béèsì ló ń kọrin níbẹ̀, ó ń sáré, ó ń ṣẹ́rí, kò sinmi. Ìlù ń tẹ̀ lé e ní gbogbo ibi tó bá yà sí, wọn kò sì yà kúrò lára wọn nígbà kankan. Jaco ló ta béèsì náà. Jaco náà ló lu ìlù.