Ooru Méjì: Ìtàn Oúnjẹ Títà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí a bá ń ka ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ àwọn jagunjagun àti àwọn ọba ni a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. A ó gbọ́ nípa Ògúnlọlá, ọdẹ tó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. A ó gbọ́ nípa Tóyèjẹ tó jẹ Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, a ó sì gbọ́ bí ìlú náà ṣe dúró gbọn-in nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ tú nínú ogun Fúlàní. Ohun tí àwọn ìwé ìtàn kì í sábà sọ ni ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ, àti ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, oríkì ìlú náà kò gbàgbé oúnjẹ. Ó dárúkọ ọkà, ó dárúkọ ẹ̀kọ, ó sì sọ èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ. Ìlú tó bá fi oúnjẹ sínú oríkì rẹ̀ kò ní ṣàìní àwọn tó mọ oúnjẹ í tọ́jú. Nítorí náà, mo fẹ́ tọpa iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn obìnrin olóúnjẹ: bí wọ́n ṣe ń mú kí oúnjẹ tó ti jinná máa gbóná, kí ó má sì bàjẹ́, títí oníbàárà yóò fi dé.

Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú náà pàápàá fara mọ́ oúnjẹ. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ògúnlọlá tẹ̀dó sídìí igi Àjàgbọn, ahéré rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé sí lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n á sì bá ẹ̀wà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ níbẹ̀. Ọdẹ kì í ti ìgbẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan lè wọlé ní ìrọ̀lẹ́, kí òmíràn má dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó ń se ẹ̀wà fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní láti mọ bí a ti ń gbé ìkòkò lé ògúnná, kí ẹ̀wà má jóná, kí ó má sì tutù.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé wá sá di Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú kún, ọjà sì gbòòrò. Nígbà tí Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ní ọdún 1855 láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀, ìlú ńlá ló bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń la ojú irin rélùwéè lọ sí ilẹ̀ Hausa, Òṣogbo ni wọ́n gbà dé Ìlọrin, wọn kò gba Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ àti ẹrù orí, àti mọ́tò nígbà tó yá, ni àwọn ọmọ ìlú náà fi ń ṣòwò. Wọ́n dé Kánò, wọ́n dé Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà, kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó dá ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. Ìlú oníṣòwò ni Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú oníṣòwò a sì máa jẹun níta, nítorí ẹni tó jí lọ sọ́jà kò ní àyè àtidáná.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni àwọn olóúnjẹ ìgbà náà ń lò. Èkíní ni iná. Bí ọbẹ̀ bá jinná, wọn kì í pa iná ààrò tán. Wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á fi ògúnná àti eérú gbígbóná sílẹ̀, ìkòkò á sì máa hó díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ nípọn, bó bá ti gba ooru kì í tètè fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ ata tí epo bò lójú a máa dúró bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Gbẹ̀gìrì àti ewédú kò rí bẹ́ẹ̀. Gbẹ̀gìrì tètè máa ń kan, ewédú kì í sì í yọ̀ mọ́ bí iná bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò se ìwọ̀nba, bó bá tán yóò tún òmíràn sè. Bákan náà ni ọkà àti láfún: a kì í ro ti gbogbo ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi híhó á wà lórí iná, èlùbọ́ á wà nínú igbá nítòsí, bí èrò bá sì ti ń dé ni orógùn yóò máa ṣiṣẹ́. Ní ti ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín, inú ìkòkò tó fi sè é náà ni yóò fi í sí, omi díẹ̀ nísàlẹ̀, igi ewé tí a tẹ́ sórí omi, mọ́ínmọ́ín lókè. Ooru omi náà ni yóò máa mú un gbóná. Àwo onírin tí omi gbígbóná wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń rí ní ilé oúnjẹ ńláńlá lónìí, kò ní ọgbọ́n mìíràn ju èyí lọ.

Ọgbọ́n kejì ni wíwé àti bíbò. Bí wọ́n bá ti ṣu ọkà, wọ́n á wé e sínú ewé, wọ́n á tò ó sínú igbá tàbí agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́, wọ́n á sì fi aṣọ tó nípọn bò ó. Igbá fúyẹ́, ooru kì í tètè gba ara rẹ̀ kọjá. Ewé kì í jẹ́ kí ojú ọkà gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ewé, igbá àti aṣọ kì í jẹ́ kí ooru sá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ewé tí à ń fi wé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ewé eéran. Ní ọdún 1855 kan náà tí Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni William Freeman Daniell, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa igi ewé yìí, tí àwọn onímọ̀ ewéko sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é ní Thaumatococcus daniellii títí di òní. Adùn èso rẹ̀ ni ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ni ó wúlò fún àwọn olóúnjẹ wa.

Àwọn ará Yúróòpù náà rìn dé ìdí ọgbọ́n yìí. Níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1867, àpótí ìdáná kan wá láti Norway, tí a fi ohun tó nípọn tẹ́ nínú. Bí a bá gbé ìkòkò tó ń hó sínú rẹ̀ tí a sì dé e, oúnjẹ inú rẹ̀ yóò máa jinná lọ láìsí iná. Ní ọdún 1892, James Dewar ṣe ìgò onípele méjì, ó sì fa afẹ́fẹ́ àárín ìpele méjèèjì jáde. Láti ara ìgò yìí ni fúláàsì ti wá. Kúlà tí gbogbo wa mọ̀ kò ṣe ju ìpele ike méjì tí fóòmù wà láàárín wọn lọ. Bí a bá wò ó dáadáa, igbá, ewé àti aṣọ ìyá olóúnjẹ náà ló di ike àti fóòmù.

Ọgbọ́n kẹta kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ooru. Àgbàdo tí a rẹ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀, tí a sì sẹ́, yóò di ògì, omi rẹ̀ yóò sì kan. Kíkan yìí ni kì í jẹ́ kí ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ráyè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ tí a wé, tó ti tutù tó sì ti dì, fi lè dúró di ọjọ́ kejì kí ó má ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra. A ó rí i pé olóúnjẹ àtijọ́ kò fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ ní ipò lọ́wọ́ọ́wọ́. Yálà kí ó máa gbóná gan-an lórí iná, tàbí kí ó kan kí ó sì tutù bí ẹ̀kọ. Ọkà inú igbá nìkan ló wà láàárín méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń rò ó díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tán kíákíá. Ìmọ̀ nípa àkókò ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, láàárín ọdún 1970 sí 1980, oríṣiríṣi ohun èlò oníke kún ọjà wa. Ní ọdún 1990 ni wọ́n dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, bùkà sì ń hù káàkiri àdúgbò ilé ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wákàtí kan péré wà láàárín iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dúró de orógùn. Bí a ṣe ń ro àmàlà láti ìdájí nìyẹn, tí a ń dì í sínú láílọ́ọ̀nù, tí a sì ń tò ó sínú kúlà. Èmi kò ní bú kúlà. Ó gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ èéfín, èyí tó ti ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Ó dín owó igi àti èédú kù, kò sì béèrè iná mànàmáná tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ooru méjì ló wà. Ọ̀kan ń pa kòkòrò àìfojúrí, ọ̀kan ń tọ́ ọ dàgbà. Kúlà kì í dá ooru, èyí tí a bá fún un ló ń tọ́jú, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣí i ni díẹ̀ ń lọ. Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà márùn-ún jáde lórí oúnjẹ tí kò léwu. Wọ́n ní kí oúnjẹ gbígbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí oúnjẹ tó ti jinná má sì wà lásán ju wákàtí 2 lọ. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus, tó fẹ́ràn ìrẹsì. Èso rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì bá ti di lọ́wọ́ọ́wọ́, èso náà yóò jí, yóò máa pọ̀, yóò sì tú oró sílẹ̀. Oró yìí ní irú tí iná kò lè pa bí a bá tilẹ̀ tún ìrẹsì náà sè. Ìrẹsì tí a dì sínú kúlà ní agogo mẹ́fà àárọ̀, tí a sì ń bù tà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lè máa gbóná sí ọwọ́, kí ewu ti wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣèké nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò ju èyí lọ: a gba ohun èlò tuntun, a sì fi ìmọ̀ tó yẹ kí ó bá a rìn sílẹ̀. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lórí ògúnná kò ní òṣùwọ̀n ooru lọ́wọ́, ṣùgbọ́n híhó ọbẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó mọ èyí tó ń kan, ó mọ èyí tó lè dúró, ó sì mọ iye tí òun lè tà kí òòrùn tó wọ̀. Olóúnjẹ tòní lè lo kúlà kí ó má sì pàdánù ọgbọ́n yìí. Kí ó fi omi híhó ṣan inú kúlà kí ó tó di oúnjẹ sí i. Kí ó di oúnjẹ nígbà tó ṣì ń yọ ooru lálá, kí ó lo kúlà kéékèèké dípò ńlá kan tí a ń ṣí lójoojúmọ́ nígbà gbogbo, kí ó sì máa sè é díẹ̀díẹ̀ bí ti àtijọ́. Èyí tó bá kù tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má dà á pọ̀ mọ́ tuntun.

Ó sì yẹ kí àwa tí ń rà á náà kọ́ bí a ti ń béèrè. A máa ń béèrè iye ẹran, a máa ń béèrè bí ọbẹ̀ ṣe ta tó. Kò burú bí a bá bọ̀wọ̀ fún olóúnjẹ, kí a sì bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni ẹ ro ọkà yìí?" Èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn kò ní bínú, nítorí ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ kí ó máa bi ara rẹ̀ ni.